Ta ló ń yan dókítà fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ní Georgia?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lẹ́bàá Atlanta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń gbé màmá kan láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀yìn mi bá dún "kà". Ọ̀gá mi rán mi lọ sí kílíníìkì kan lọ́jọ́ náà. Dókítà ibẹ̀ ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí mi. Ó fún mi ní oògùn ìrora, ó ní kí n padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí n má kàn gbé ohun tó wúwo. Títí di òní, ẹsẹ̀ òsì mi ṣì ń kú tipiri. Mo ní dókítà tèmi tó ti ń tọ́jú mi tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní bí mo bá lọ bá a, àpò ara mi ni màá ti sanwó. Àbúrò mi tó wà ní Chicago ní irọ́ ni, pé ẹ̀tọ́ mi ni láti yan dókítà tó bá wù mí. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira. Kí n tó sọ ohunkóhun: bí ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri yẹn bá di méjèèjì, tàbí tí ẹ kò bá lè dá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, tàbí tí ẹ kò mọ nǹkan lára mọ́ láàárín itan méjèèjì, ẹ má dúró de dókítà tí ọ̀gá bá dárúkọ. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òfin Georgia gba ẹni tó bá wà nínú pàjáwìrì láyè láti lọ síbi tó bá rí, ìtọ́jú náà sì wà lọ́rùn agbanisíṣẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí pàjáwìrì náà bá fi wà. Bó bá rọlẹ̀ tán lẹ ó wá padà sínú ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé.

Àbúrò yín ò parọ́, ọ̀gá yín náà ò sì sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa. Ní Illinois tí àbúrò yín wà, òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí dókítà méjì tó bá fúnra rẹ̀ yàn. Ní New York, ó lè lọ bá èyíkéyìí nínú àwọn dókítà tí Bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí. Ní Maryland, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló ń yan dókítà. Ní Georgia ńkọ́? Agbanisíṣẹ́ ló ń kọ orúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ló ń mú nínú wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń pàdánù nìyẹn. Wọ́n rò pé torí pé ọ̀gá ló kọ orúkọ, ọ̀gá náà ni yóò mú. Rárá o. Ọ̀gá lè dárúkọ ẹnì kan nínú ìwé náà fún yín, ẹ sì lè gbà, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ pé ẹlòmíràn nínú ìwé náà lẹ fẹ́.

Panel of physicians ni wọ́n ń pe ìwé orúkọ náà. Fọ́ọ̀mù WC-P1 ni, ti State Board of Workers' Compensation, Bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ (workers' comp), tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Peachtree Street ní Atlanta. Ara ògiri ló yẹ kó wà, níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lè rí i: yàrá ìjẹun, tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń tẹ àkókò ìwọlé. Ẹ wá a kàn lónìí, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà gbogbo wọn hàn kedere. Ẹ tún sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ ya ibi tó wà lára ògiri. Bí kò bá sí níbì kankan, ẹ ya ògiri náà bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ń gbé ọjọ́ àti wákàtí sínú ara rẹ̀. Ìwé tuntun lè dé ara ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì lè ṣòro fún yín láti fi hàn pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fara pa.

Ẹ jókòó ti fọ́tò yẹn, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ yín wà. Òfin ní orúkọ tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́fà, ìbáà ṣe dókítà kọ̀ọ̀kan tàbí ẹgbẹ́ dókítà. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà eegun tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Kílíníìkì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, irú èyí tí wọ́n rán yín lọ, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, dókítà kan tó wá láti inú àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tó, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé ìwé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbé fóònù, kí ẹ pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè méjì péré ni: "Ṣé dókítà yìí ṣì wà lọ́dọ̀ yín? Ṣé ẹ ń gba aláìsàn workers' comp tuntun?" Ibi ìpè yìí ni àṣírí ti máa ń tú. Ẹ lè gbọ́ pé ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì, pé òmíràn ti kó lọ sí ìlú míì, pé òmíràn kì í gba aláìsàn workers' comp rárá. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Bí orúkọ tó ṣeé lò bá ṣẹ́ kù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kò sí dókítà eegun níbẹ̀, tàbí tí ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ máníjà tí ẹnikẹ́ni ò rí i rí, agbẹjọ́rò yín lè sọ níwájú Bọ́ọ̀dù pé panel náà kò bófin mu. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò bófin mu lóòótọ́, ilẹ̀kùn ṣí fún yín nìyẹn: òfin gbà yín láyè láti lọ bá dókítà tó bá wù yín, títí kan èyí tó ti ń tọ́jú yín tipẹ́, lórí owó agbanisíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣe ìdájọ́ yìí kí ẹ sì sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà yín. Iléeṣẹ́ adójútòfò lè jiyàn, gbèsè ìtọ́jú á sì kọ́ yín lọ́rùn títí adájọ́ fi máa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo fọ́tò náà ná.

Ká wá ní panel náà pé, kò lábùkù. Ẹ̀tọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ yín tí ọ̀gá yín ò mẹ́nu bà: ẹ lè kúrò lọ́dọ̀ dókítà kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn nínú panel náà lẹ́ẹ̀kan, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ò ní sọ ìdí. Ẹ ò ní sọ pé dókítà kìíní burú. Ẹ kàn kọ ọ́ ránṣẹ́ ni, ní èdè Òyìnbó, sí ọ̀gá yín àti sí iléeṣẹ́ adójútòfò, nípa íméèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ lè tọ́jú: pé ẹ fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ báyìí, pé ẹ ń lo ẹ̀tọ́ yín láti pààrọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀kan nínú panel, pé dókítà báyìí lẹ yàn, kí wọ́n bá yín gba àkókò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nítorí náà ẹ fọgbọ́n ná an. Dókítà tó bá wà nídìí ìtọ́jú yín lábẹ́ òfin, tí wọ́n ń pè ní authorized treating physician, lè fi ìwé rán yín lọ sọ́dọ̀ àgbà dókítà mìíràn, kó ní kí ẹ lọ ya MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà), tàbí kó rán yín lọ ṣe físíò, láìjẹ́ pé Bọ́ọ̀dù kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àgbà dókítà tó rán yín lọ bá náà kò lè tún rán yín síwájú. Ọ̀dọ̀ dókítà àkọ́kọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ padà lọ bá dókítà kílíníìkì yẹn, kí ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ òsì ń kú tipiri, láti ibo dé ibo, àti ìgbà tó máa ń le, kí ẹ sì ní kó rán yín sọ́dọ̀ dókítà eegun tàbí dókítà iṣan ara. Bó bá ṣe é, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ, pípààrọ̀ yín sì ṣì wà lápò. Bó bá kọ̀, ẹ lo pípààrọ̀ náà, kí ẹ sì fi mú dókítà eegun tó wà lórí panel. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ti kílíníìkì kan bọ́ sí kílíníìkì kejì tí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ̀tọ́ náà sì tán síbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kó kọ ohun tí ẹ sọ nípa ẹsẹ̀ yẹn sínú fáìlì lọ́jọ́ náà. Bí ìwé ọjọ́ kìíní bá sọ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn yín, tí ẹsẹ̀ wá jáde lẹ́yìn oṣù méjì, iléeṣẹ́ adójútòfò máa ní ibòmíràn ni ẹ ti gbé e wá. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú yín. Ẹ gbà á, kí ẹ kà á.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ dókítà tó báyìí? Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni owó ń tẹ̀ lé. Bó bá kọ ọ́ pé ẹ kò lè ṣiṣẹ́, tàbí pé iṣẹ́ fúyẹ́ nìkan lẹ lè ṣe tí ibiiṣẹ́ yín ò sì ní irú rẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ yóò máa wọlé fún yín: ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí ẹ ń gbà lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 800 dọ́là lọ fún ẹni tó fara pa láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2023. Ẹni tó ń gba 720 dọ́là lọ́sẹ̀ máa gba 480. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ kì í lówó nínú, àfi bí àìlèṣiṣẹ́ náà bá tó ọjọ́ 21 léraléra. Nígbà náà wọ́n á padà san ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fúyẹ́ tí owó yín wá dín kù, ẹ lè gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá kọ "kò sí nǹkan tó ń ṣe é", gbogbo owó yìí ló lè dúró. Ohun tí dókítà tí ẹ fowó ara yín san bá kọ kì í sábà wúwo tó ti dókítà tí òfin mọ̀.

"Má gbé ohun tó wúwo" tí dókítà sọ yẹn kò wúlò nílé ìtọ́jú arúgbó. Ta ló máa sọ ohun tó wúwo? Èèyàn tó tó igba pọ́n-ùn lẹ ń gbé láti bẹ́ẹ̀dì sí kẹ̀kẹ́! Ẹ ní kó kọ nọ́ńbà: pọ́n-ùn mélòó lẹ lè gbé, wákàtí mélòó lẹ lè dúró, ṣé ẹ lè tẹ̀ ba, ṣé ẹ lè yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ó kọ pé ẹ ò gbọdọ̀ dá gbé aláìsàn. Ẹ fún ọ̀gá ní ẹ̀dà kan, kí ẹ fi ọ̀kan sápò aṣọ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fi hàn bí wọ́n bá pè yín wá gbé ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ iwájú, bí ẹ bá ti ń gba owó ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wá ní iṣẹ́ fúyẹ́ wà fún yín, fọ́ọ̀mù WC-240 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pè yín, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Dókítà tó ń tọ́jú yín gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà gan-an, ó sì gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ yín wò láàárín ọjọ́ 60 sẹ́yìn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀ láìdánwò, wọ́n lè dá owó dúró. Bí ẹ bá gbìyànjú tí ara ò gbà á láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15, owó yín gbọ́dọ̀ padà.

Nípa dókítà tiyín, ọ̀nà mélòó kan ló wà yàtọ̀ sí ti panel tí kò pé. Ẹ lè bẹ iléeṣẹ́ adójútòfò kí ẹ jọ fẹnu kò, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù WC-200a. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá bí dókítà náà bá gbà láti máa gba owó tí Bọ́ọ̀dù là kalẹ̀. Ẹ bi í kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbà, asán ni gbogbo ìwé. Bí wọ́n bá kọ̀, fọ́ọ̀mù WC-200b ni wọ́n fi ń bẹ Bọ́ọ̀dù pé kí ó pàṣẹ ìpààrọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ní ọjọ́ 15 láti tako ó. Ẹ̀sùn pé dókítà ò rẹ́rìn-ín sí yín ò ní tó. Ohun tó ń tó ni pé ìtọ́jú dúró sójú kan, pé ọ̀nà jìn jù, pé dókítà kọ̀ láti yẹ ẹsẹ̀ tí ẹ ń ráhùn lé lórí wò, tí ìwé ìtọ́jú sì jẹ́rìí sí i.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ títí àsìkò rẹ̀ fi kọjá. Láàárín ọjọ́ 120 tí ẹ bá gba owó ọ̀sẹ̀, òfin fún yín láyè láti lọ bá dókítà tó bá wù yín lẹ́ẹ̀kan, bí kò tilẹ̀ sí lórí panel, kó yẹ̀ yín wò, kó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, kí iléeṣẹ́ adójútòfò sì sanwó. Inú Georgia tàbí láàárín 50 máìlì sí ilé yín ni dókítà náà gbọ́dọ̀ wà. Àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ lè yí ẹjọ́ padà. Ẹ má lò ó kí MRI tó jáde. Ẹ jẹ́ kí dókítà náà rí nǹkan wò.

Ní ti inṣọ́ránsì ìlera ti ara yín, ẹ má gbára lé e. Ọ̀pọ̀ wọn ní kì í san owó ìfarapa ẹnu iṣẹ́, bí ẹ bá sì purọ́ pé ilé lẹ ti ṣubú kí wọ́n lè san án, irọ́ yẹn ni wọn yóò fi pa ẹjọ́ yín. Bí dókítà yín àtijọ́ bá sì ti tọ́jú ẹ̀yìn yín rí, ẹ sọ ọ́. Wọn yóò rí i nínú fáìlì. Òfin kì í lé ẹni tí àrùn àtijọ́ rẹ̀ le sí i nítorí iṣẹ́ dànù, ẹni tó fi pamọ́ ni ọ̀rọ̀ ń ká mọ́ lọ́wọ́.

Bí nọ́ọ̀sì kan bá pè yín pé case manager (ẹni tó ń tọpa ìtọ́jú yín) lòun, pé òun fẹ́ bá yín wọlé lọ rí dókítà, ẹ rántí pé iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń sanwó rẹ̀, ẹ sì lè ní kó dúró síta. Àyẹ̀wò yín jẹ́ ti ẹ̀yin àti dókítà. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àkókò ń lọ o. Ọjọ́ 30 ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òun fara pa. Ọ̀gá yín mọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, nítorí náà ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ọdún kan láti ọjọ́ tí ẹ fara pa lẹ ní láti fi fọ́ọ̀mù WC-14 pe ẹjọ́ ní Bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ṣì ń tọ́jú yín, ọdún kan láti ọjọ́ ìtọ́jú tó kẹ́yìn. Ẹ má dúró dé ibẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ẹ ya MRI tí adójútòfò ò dáhùn, kí ọ́fíìsì dókítà fi fọ́ọ̀mù WC-205 ránṣẹ́ sí wọn: ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ní láti fèsì, bí wọn ò bá fèsì, òfin kà á sí pé wọ́n ti gbà. Ẹ máa kọ máìlì tí ẹ ń wà lọ sílé ìwòsàn sílẹ̀. 40 sẹ́ǹtì lórí máìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ láàárín ọdún kan. Lọ́yà kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 25 nínú 100 owó tó bá gbà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwọn tó bá tipasẹ̀ ẹ́jẹ́ńsì ṣiṣẹ́, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, panel ti ẹ́jẹ́ńsì tó ń san owó yín lẹ ó béèrè, kì í ṣe ti ilé tí wọ́n rán yín lọ. Òfin náà kan agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń fún yín ní fọ́ọ̀mù 1099 (ìwé owó orí àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn) lọ́dọọdún tí wọ́n sì ní ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ láìbéèrè: Bọ́ọ̀dù máa ń wo ẹni tó ń pàṣẹ wákàtí àti bí iṣẹ́ ṣe máa lọ, kì í ṣe orúkọ fọ́ọ̀mù nìkan. Bí fọ́ọ̀mù tí ẹ bá lára ògiri bá sì jẹ́ WC-P3 dípò WC-P1, ẹgbẹ́ ìtọ́jú kan ni agbanisíṣẹ́ yín bá ṣe àdéhùn, inú àwọn dókítà ẹgbẹ́ náà lẹ ó ti mú. Nọ́ńbà tí ẹ ó pè wà lórí ìwé náà. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ gbogbo dókítà eegun tó wà ládùúgbò yín ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó mú ẹnikẹ́ni.